Ibi Tí Ìmọ̀ Tán Sí

Oníbàárà kan dúró níwájú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan tó ń ta àgbọn ní ìlú Recife, lórílẹ̀-èdè Brazil. Cruzeiro 35 ni àgbọn kan. Oníbàárà ní kó fún òun ní mẹ́rin, ó sì béèrè iye tí owó rẹ̀ jẹ́. Ọmọ náà ò wá bírò, kò wá bébà. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105. Ó fi 30 lé e, ó di 135. Ó rántí pé 35 ni owó ẹyọ kan, ó ní 140 ni gbogbo rẹ̀.

Olùwádìí ni oníbàárà náà. Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann ló ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1985. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bá pàdé nídìí ọjà, láti orí ọmọ ọdún 9 dé 15. Ìbéèrè 63 ni wọ́n fi ọgbọ́n oníbàárà bi wọ́n, àwọn ọmọ náà sì gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n mú irú ìṣirò kan náà, wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílé-ìwé, láìsí àgbọn, láìsí owó, nọ́ńbà lásán. Àwọn ọmọ tó gba 98 lọ́jà gba nǹkan bí 37 lórí bébà.

Ọmọ alágbọn wa wà lára wọn. Wọ́n ní kó ṣe 35 lọ́nà 4. Ó ní 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, ó gbé 2 sókè. Ó ro 2 náà mọ́ 3, ó di 5. Ó wá sọ 5 yẹn di ìlọ́po mẹ́rin, ó tún di 20. Ó kọ 200 sílẹ̀.

Ìṣirò kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ká ní bébà yẹn nìkan ni olùkọ́ rí, ohun tí ì bá kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ọmọ yìí kò mọ ìṣirò. Ọmọ tó ń fi ìṣirò jẹun lójoojúmọ́! Olùkọ́ náà ì bá sì lọ sùn láìmọ̀ pé òun ti ṣi ọmọ ọlọ́mọ dá lẹ́jọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀pọ̀ kíláàsì nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ọmọ tó bá ń tètè nawọ́ sókè, tó ń gba máàkì, tí òyìnbó sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, òun ni wọ́n ń pè ní olórí pípé. Èyí tó máa ń dákẹ́ ro ọ̀rọ̀ kó tó fèsì, wọ́n á ní orí rẹ̀ ò jí. Olùkọ́ tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ̀ pé ìdájọ́ yìí máa ń yẹ̀, torí ó ń pàdé àwọn ọmọ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Òmíràn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nígbà náà, kò lè dá ìpinnu kan ṣe títí dòní. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní olódo ti di ọ̀gá, ó ń bọ́ ìdílé, ó ń gba èèyàn síṣẹ́. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba ipò kìíní ṣì ń ṣe dáadáa. Àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ tó débi tó fi yẹ kéèyàn béèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an.

Ẹni tó gbé òṣùwọ̀n ọgbọ́n kalẹ̀, ire ló ní lọ́kàn. Alfred Binet ni, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ìjọba ibẹ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí wọ́n á fi dá àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tètè yé mọ̀, kí wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́ lákànṣe. Ní 1905, Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò 30 jáde. Èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni kí ọmọ fi ojú tẹ̀lé iná ìṣáná bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri níwájú rẹ̀; èyí tó le jù ni kó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó fara jọra. Binet fúnra rẹ̀ ta ko ẹni tó bá ní iye ọgbọ́n tí wọ́n bí mọ́ ọmọ ni yóò bá a dé sàréè. Nínú ìwé tó kọ ní 1909, ó ní ìdánrawò lè mú kí àkíyèsí ọmọ, ìrántí rẹ̀ àti làákàyè rẹ̀ jí sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, kò rí ohun tí wọ́n wá fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yí i padà. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, wọ́n fi irú ìdánwò yìí yẹ ọmọ ogun tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ wò. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń bi wọ́n. Wọ́n ní kí ni Crisco: ṣé oògùn ni, àbí apakòkòrò, àbí ọṣẹ ìfọyín, àbí oúnjẹ? Ọ̀rá ìdáná tí wọ́n ń tà nínú agolo níbẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ló sọ Christy Mathewson di olókìkí: ṣé ìwé ló ń kọ ni, àbí àwòrán ló ń yà, àbí eré bésíbọ́ọ̀lù? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì tàbí Pólàǹdì dé, níbo ni yóò ti mọ agbábọ́ọ̀lù wọn? Wọ́n ń fi kóńgò gàrí wọn aṣọ, wọ́n sì ń bú aṣọ náà pé kò kún.

Carl Brigham, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Princeton, kó àbájáde ìdánwò náà jọ sínú ìwé kan ní 1923. Ó fi to àwọn ẹ̀yà Yúróòpù ní ipò-ipò, ó sì fi aláwọ̀ dúdú sísàlẹ̀. Ìwé náà rìn jìnnà, ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò yéé wo iṣẹ́ ara rẹ̀, nígbà tó sì di 1930, ó kọ ọ́ síta níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kà á pé irú àfiwé bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fara mọ́, àti pé ìwádìí tòun alára kò ní ìpìlẹ̀. Ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí ló fọwọ́ ara rẹ̀ wó. Bí wọ́n bá ń wá ọjọ́ tí Brigham gbọ́n jù láyé rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni.

Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford ní tirẹ̀ fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé jù yóò ṣe rí tí wọ́n bá dàgbà. Láti 1921 ló ti ń ṣa àwọn ọmọ California jọ, ó ṣa èyí tó lé ní 1,500, ó sì ń tọ ipasẹ̀ wọn kiri. Púpọ̀ nínú wọn ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méjì kan wà tí wọ́n ṣe ìdánwò náà tí máàkì wọn kò tó. Luis Alvarez ni ọ̀kan, William Shockley ni ìkejì. Àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, Shockley ní 1956, Alvarez ní 1968. Kò sí ìkankan nínú àwọn tí Terman mú tó gbà á.

Ó yẹ kí ìtàn Shockley má parí síbẹ̀. Iṣẹ́ transistor ló mú un gba ẹ̀bùn náà, ohun kékeré tí kọ̀ǹpútà àti fóònù kò lè ṣe láìsí. Nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ gòkè, ó fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àbímọ́ àti ẹ̀yà, ó wá ń fi máàkì ìdánwò ọgbọ́n polongo kiri pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́n tó aláwọ̀ funfun. Ìdánwò tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́mọdé ló gbé lọ́wọ́ tó fi ń ṣèdájọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó lè ní kò mọ físíìsì. Ṣùgbọ́n níbi tí físíìsì tán sí, kò dúró wò bóyá ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Èyí kò wá sọ pé kí wọ́n kó ìdánwò dànù. Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ ṣèdánwò kó yege. Ẹni tó fẹ́ fi abẹ la èèyàn níkùn náà gbọ́dọ̀ ṣe é. Ohun tí ìdánwò ń sọ ni pé lọ́jọ́ báyìí, lórí ohun báyìí, ní èdè báyìí, èèyàn báyìí ṣe báyìí. Ìjàngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ. Olùwádìí kan, James Flynn, fi hàn ní 1984 pé láàárín 1932 sí 1978, máàkì àwọn ará Amẹ́ríkà nínú ìdánwò ọgbọ́n fi nǹkan bí 14 gòkè. Bó bá jẹ́ ọgbọ́n àbínibí ni ìdánwò náà ń wọ̀n, a jẹ́ pé òpè ni ìdajì àwọn bàbá àti ìyá wọn, àwọn tó la ọ̀nà, tó kọ́ afárá, tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu ò gbà á. Ilé-ìwé ló pọ̀ sí i, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló yí padà, ojú wọn sì wá mọ irú ìbéèrè tí ìdánwò máa ń béèrè.

Michael Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ohun tó jọ èyí lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Kpelle ní Làìbéríà. Wọ́n kó ohun èlò ogún síwájú wọn, oúnjẹ, aṣọ, irinṣẹ́, ohun ìdáná, wọ́n ní kí wọ́n kó èyí tó bá ara mu pọ̀. Àwọn olùwádìí ń retí oúnjẹ lọ́tọ̀, irinṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kó ọ̀bẹ sọ́dọ̀ ọsàn, torí ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé ọsàn, wọ́n sì ní bí ọlọ́gbọ́n yóò ṣe ṣe é nìyẹn. Bó ti wù kí wọ́n bi wọ́n tó, ibi kan náà ni wọ́n dúró sí. Ìgbà tó sú olùwádìí, ó béèrè pé báwo wá ni òmùgọ̀ yóò ṣe tò ó? Kíá, wọ́n kó oúnjẹ lọ́tọ̀, aṣọ lọ́tọ̀, irinṣẹ́ lọ́tọ̀, bí ìwé ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Joseph Glick, ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà, ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní 1975. Àwọn àgbẹ̀ náà mọ ọ̀nà méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni èyí tí àlejò fẹ́, àlejò náà ò sì mọ̀ pé òun ò tíì béèrè rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, èdè ni ọ̀fìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń já sí. Ọmọ tó lè ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ bí òjò ṣe ń ṣú lójú ọ̀run, bó bá dé kíláàsì, òyìnbó á dí i lẹ́nu, wọ́n á ní kò mọ nǹkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àròyé lásán, wọ́n dán an wò. Ní 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀wọ́ kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Ọ̀wọ́ kejì tẹ̀lé ètò tó wà nílẹ̀: Yorùbá ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì fún ohun gbogbo. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì kẹ̀rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1989.

Kí ló dé tí iṣẹ́ yìí kò fi di ìlànà gbogbo ilé-ìwé? Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, wọ́n ní ó ń ṣàkóbá fún àbájáde ìdánwò. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọdákẹ́kẹ́ kò lè gbọ́ ìkéde yẹn kí inú rẹ̀ má bàjẹ́. Ìwé tí wọn ò pèsè, olùkọ́ tí wọn ò kọ́, ìyẹn ló yẹ kí wọ́n bi ara wọn léèrè kí wọ́n tó dá èdè lẹ́bi.

Bí kì í bá ṣe máàkì, tí kì í ṣe òyìnbó, tí kì í ṣe kí ẹnu yá, kí ló wá kù tí wọ́n á fi mọ ọlọ́gbọ́n? Ohun kan kù tí kì í ṣe kékeré: ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí ohun tó mọ̀ bá tán. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà bá ṣì wà níbi tí wọ́n fi í han èèyàn sí, ẹnikẹ́ni lè rìn ín.

Ẹ lọ dúró ti mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n gbé mọ́tò wá, wọ́n ní ó ń gbóná. Èyí tí ò mọṣẹ́ yóò ní kí wọ́n lọ ra rádíétọ̀. Èyí tó gbọ́n á kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti ń gbóná. Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ni, tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, fáànù ló ń fura sí, torí pé lójú márosẹ̀ atẹ́gùn ń fẹ́ sí rádíétọ̀ fúnra rẹ̀, fáànù ò níṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ márosẹ̀ gan-an ló ti ń gbóná, a jẹ́ pé omi ni kò rìn dáadáa, rádíétọ̀ lè ti dí. Kò tíì gbàgbọ́ síbẹ̀. Á fa wáyà láti bátìrì sí fáànù tààrà. Bí fáànù bá yí, fáànù kò kú, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sì pe ríwáyà. Ó ń ronú, ó ń wá ohun tó lè já ìrònú ara rẹ̀ nírọ́, ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí tí iṣẹ́ ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má gba kírẹ́díìtì kankan nínú ìdánwò WAEC.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ikú àti ìyè, irú ìwà yìí kan náà ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer ti Làìbéríà gba Lomé dé pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed l'Ékòó, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àwọn dókítà ilé-ìwòsàn ìjọba ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni First Consultants ní Obalende. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, wọ́n sì ń tọ́jú ibà. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Dókítà wo ní Nàìjíríà ni yóò rí ara gbígbóná, orí fífọ́ àti èébì, tí kò ní kọ́kọ́ ro ibà? Ọdọọdún ni wọ́n ń rí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn náà sì ń tọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh rí aláìsàn náà. Oògùn ibà ò ran ohun tó ń ṣe é. Ó béèrè bóyá ó ti bá ẹni tó ní àrùn Ebola pàdé. Ọkùnrin náà ní rárá. Ẹlòmíràn ì bá gba ìdáhùn yẹn, kó kọ ọ́ sínú fáìlì, kó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ebola kò wọ Nàìjíríà rí, dókítà náà kò tọ́jú rẹ̀ rí. Ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tó kà lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ìtàn tí wọ́n ń sọ àti ara tó wà níwájú òun kò bára mu. Làìbéríà ni ọkùnrin náà ti wá, Ebola sì ń jà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ó sì fi tó ìjọba létí.

Àwọn aṣojú Làìbéríà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ìpàdé ECOWAS ń dúró dè é ní Calabar. Wọ́n fúngun mọ́ wọn, Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀. Ní àsìkò yẹn, kò tíì sẹ́ni tó ní ẹ̀rí tó dájú lọ́wọ́. Bó bá ṣe pé ibà ni lóòótọ́, òun ni ì bá jẹ́ dókítà tó há àlejò ìjọba mọ́lé. Ó wọn ohun méjèèjì wò: bí òun bá ṣì í tí wọ́n dá a dúró, ìtìjú ni, bí òun bá ṣì í tí wọ́n jẹ́ kó lọ, Èkó ni, ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ebola ni. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Pẹ̀lú Sawyer, ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Adadevoh wà lára wọn. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ló dágbére fáyé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone, èèyàn tó lé ní 11,000 ló bá àrùn yẹn lọ.

Wọ́n máa ń yìn ín fún ìgboyà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa yìn ín fún làákàyè pẹ̀lú. Ìgboyà ló fi di ẹnu ọ̀nà mú, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n di ẹnu ọ̀nà mú ni pé kò jẹ́ kí ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn nígbà tí nǹkan kan nínú rẹ̀ kò jọra.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìdáhùn tó wà nílẹ̀ tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn: ètò owó kan tí wọ́n ń pè ní MMM gba Nàìjíríà kan. Ẹni tó bá fi owó sí i, wọ́n ní yóò gba èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Olùkọ́ wọ inú rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì wọ inú rẹ̀, ọmọ yunifásítì kó owó ilé-ìwé sínú rẹ̀. Ìṣirò tó ń túdìí rẹ̀ kò ju ti ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lọ. Ẹni tó fi ₦100,000 sí i tí kò yọ èrè, lópin oṣù kejìlá owó rẹ̀ á ti lé ní ₦2,300,000. Ta ni ń san án? Oko wo ni wọ́n ń dá, ọjà wo ni wọ́n ń tà? Bí kò bá sí èyí tí wọ́n ń dá, a jẹ́ pé owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n ń gbé fún ẹni tó dé ṣáájú, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ẹni tó ń dé lẹ́yìn ò ní pọ̀ tó mọ́. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí wọ́n ti owó pa. Àwọn tó pàdánù kì í ṣe òpè. Wọ́n ti kọ́ ìlọ́po nílé-ìwé, wọ́n sì yege. Kò kàn sẹ́ni tó wá gbé ìbéèrè náà ka iwájú wọn bí ìdánwò, wọn ò sì bi ara wọn.

Èyí kì í ṣe àìsàn Nàìjíríà nìkan. Ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan wà ní Amẹ́ríkà, Long-Term Capital Management, tí Robert Merton àti Myron Scholes wà nínú àwọn olórí rẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1997. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà pàdánù ju bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ láàárín oṣù díẹ̀, báńkì 14 sì ní láti kó owó jọ kó má baà wó lu àwọn yòókù. Ọjà ṣe ohun tí ìṣirò wọn ní kò lè tètè ṣe.

Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, mọ irú ewu yìí nínú ara rẹ̀. Nínú ìtàn ayé tó kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní òun kì í tètè lóye nǹkan bí àwọn ọlọ́pọlọ pípé kan. Ó fi ọdún mẹ́jọ yẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta àti ìdí ọkọ̀ létí òkun wò, láti 1846 sí 1854, kó tó gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1859. Ó ní òfin kan tó ń tẹ̀ lé: bó bá ti rí ohun tó ta ko èrò rẹ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ó ti ṣàkíyèsí pé irú rẹ̀ máa ń yára bọ́ lọ́kàn òun ju ohun tó gbè é lẹ́yìn lọ. Òfin yẹn kò béèrè pé kéèyàn jẹ́ Darwin. Ìwé kékeré kan tó o, àti ìgboyà láti kọ ohun tí kò dùn mọ́ni sínú rẹ̀.

Ṣé wọ́n lè kọ́ ọmọ ní irú èyí? Olùkọ́ tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì ní inú èsì tí ọmọ kùnà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kíláàsì kejì kan yọ 17 kúrò nínú 42, ó kọ 35. Wọ́n ní kó yọ 28 kúrò nínú 61, ó kọ 47. Olùkọ́ tó ń kánjú á fi bírò pupa fa igi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí i pé ọmọ náà kò méfò rárá. Ó ní òfin: nínú òpó kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ nọ́ńbà kékeré kúrò nínú ńlá, ì báà wà lókè, ì báà wà nísàlẹ̀. Nínú 42 àti 17, ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó yọ 1 kúrò nínú 4. Ó ń tẹ̀ lé òfin rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Òfin náà ló ṣì, kì í ṣe ọpọlọ ọmọ, igi pupa kò sì lè sọ ìyàtọ̀ yẹn fún un.

Àwọn tó ń máàkì ìṣirò WAEC mọ èyí. Wọ́n máa ń fún ọ̀nà tí ọmọ gbà ní máàkì lọ́tọ̀, wọ́n á fún èsì náà ní máàkì lọ́tọ̀. Kò sí ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ dúró di ọdún kejìlá nílé-ìwé kẹ́nì kan tó béèrè ọ̀nà tó gbà. Àwọn olùkọ́ á ní ọmọ ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì àwọn, òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ náà wúwo, owó oṣù kò tó, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó ti ọmọ ọgọ́ta lójoojúmọ́. Ọmọ méjì lóòjọ́ ṣeé ṣe. Nígbà tí táàmù bá fi máa parí, kò sí ẹni tí kò ní kàn nínú wọn. Kí olùkọ́ ka ẹ̀wà 42 síwájú ẹni tó kọ 35 yẹn, kó ní kó kó 17 kúrò, kó ka ìyókù. Nígbà tó bá rí i pé 25 ló kù, kí olùkọ́ má tíì sọ nǹkan kan. Kó bi í pé níbo ni òfin rẹ̀ ti ṣì, kó sì fún un ní àyè títí yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.